Pátákó Ìyá Mi ní Ọjà Asafo

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kùmásí, nílẹ̀ Gánà, n kò mọ òbí kan ní gbogbo ọjà Asafo tó fẹ́ràn láti máa fi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ han aráyé bí ìyá mi. Àwọn tí mo kọ́ níwèé nígbà kan, tí àwọn náà ti di ìyá àti bàbá báyìí, máa ń fi àwòrán ọmọ wọn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Èyí ń gbá bọ́ọ̀lù, èyí ń tẹ dùùrù, èyí gba ẹ̀bùn ní ilé ìwé. Wọ́n rò pé àwọn ló bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń tún un ṣe fún wọn jẹ́jẹ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ìdérí àpótí ni ìyá tèmi lò, pẹ̀lú ìṣó kéékèèké.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe yẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwo ni ìyá mi ń tà: abọ́ tánganran, bàsíà, kọ́ọ̀pù, àti àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n ya òdòdó sí nínú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Kùmásí ni ó bí àwa ọmọ mẹ́ta sí: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi, àti àbúrò mi obìnrin. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí èrò máa ń gbà lọ wọ ọkọ̀, nítorí náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ojú kì í kúrò lára ọjà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Race Course ni ó ti ń ra àwo náà, nínú àpótí pákó tí wọ́n fi koríko gbígbẹ há láàárín kí wọ́n má baà gbá ara wọn. Ọ̀kan nínú ìdérí àpótí wọ̀nyẹn ni ó kàn mọ́ òpó iwájú ìsọ̀. Òun ni a ń pè ní pátákó.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí a bá ti gbálẹ̀ ìsọ̀ tán, kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé, ìyá mi yóò tò wá síwájú pátákó yẹn bí ọmọ ogun. Yóò sì bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?" Ohun tí a bá mú wá ni yóò kàn mọ́ ọn. Bí ó bá sì ti kàn án tán, yóò gbá wa lẹ́yìn rọra, yóò ní, "Ó dára. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Kò sí ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ìbéèrè kejì yẹn.

Eré sísá ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Láìwọ bàtà ni ó ń sáré fún ilé ìwé wọn, ó sì sábà máa ń mú rìbọ́n pupa tàbí búlúù bọ̀. Ìyá mi kì í kàn gbé rìbọ́n kọ́ lásán. Bí ẹni kan bá dúró ra bàsíà, yóò fi ọmọ orógùn fa ìlà sórí ilẹ̀, yóò fi ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ hàn án, ibi tí ọmọ tó ga náà ti fẹ́ kọjá, àti ibi tí ọmọ tirẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Mo rántí ọkùnrin kan tó gbé bàsíà sórí, tó ní, "Ìyá, bàsíà ni mo wá rà, n kò wá gbọ́ ìtàn."

Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Mo ti ṣírò ìtàn mọ́ owó rẹ̀. Dúró gbọ́ ọ tán, kí o má baà ṣòfò."

Ọkùnrin náà dúró.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n mi ṣubú níbi tí ojú eré ti yí, ó bó ní orúnkún, òun ló sì gbẹ̀yìn. Aṣọ kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí wọ́n so mọ́ àyà rẹ̀, ti ya, eruku sì ti bò ó. Èyí náà, ìyá mi kàn án mọ́ pátákó. Bí oníbàárà bá béèrè, yóò ní, "Ó ṣubú, ó dìde, ó parí rẹ̀." Lójú tèmi nígbà náà, àánú ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe é ni.

Orin ni ti àbúrò mi. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa, ìjọ àwa tí a ti Nàìjíríà wá, ni ó ti ń kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìṣó kan orin mọ́ pákó, ìyá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí àbúrò mi da dò-rè-mì kọ sí ni ó gbé kọ́, lẹ́yìn náà ni ó wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ó to bàsíà méje kalẹ̀, láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù, ó sì fi ṣíbí igi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ohùn bàsíà tánganran rí, ẹ kò lè mọ bí ó ṣe dùn tó. Àwọn awakọ̀ á dẹ́kun ariwo pípè èrò. Obìnrin Àṣáńtì tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á ju ìdí. Alàájì aláṣọ tó wà ní òdìkejì, bàbá àgbà kan láti Ọ̀yọ́, á ní "Máṣá Álláhù" bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ìjọ ni. Bí orin bá parí, bàsíà méjì tàbí mẹ́ta á ti tà nínú méje.

Èmi ńkọ́? Kò sí nǹkan tèmi lára pátákó. Ara mi kò yá sí eré, ohùn mi kò sì dùn. Ìwé kíkà ni mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fún ọmọ ní rìbọ́n nítorí pé ó ka ìwé tán. Àárín rìbọ́n ẹ̀gbọ́n mi àti ìwé orin àbúrò mi, àyè kan ṣófo níbẹ̀ tó tó ojú ìwé kan gẹ́lẹ́. Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ó ní àyè mi ni.

Ìṣirò gan-an ni ó bá mi jà. Mo sì gbọdọ̀ sọ ìdí tí ìṣirò fi di ọ̀ràn ńlá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Suame nítorí pé Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, ni ó ti ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, ni olórí ẹbí wa ní Kùmásí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, bàbá mi kì í sì í já ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹfà, Bàbá Suame wá sí ilé wa, ó jẹun tán, ó sì fọ ọwọ́.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ọmọbìnrin yìí ti kàwé tó. Ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Àwo rẹ ń pọ̀ sí i, ọwọ́ rẹ kò sì ju méjì lọ. Jẹ́ kí ó wá jókòó tì ọ́."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní àyè díẹ̀ sí i."

"Àyè kí ni? Mo bi í ní ìṣirò nísinsìnyí, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń retí òjò. Mo ti sọ tèmi. Ìṣirò nìkan ló wúlò fún oníṣòwò nínú gbogbo ìwé yín. Bí òpin táàmù yìí bá dé tó ti mọ̀ ọ́n, kó máa lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó wá mọ iye tí à ń ta bàsíà."

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ìyá mi dúpẹ́, ó sì dìde. Báyìí ni wọ́n ṣe so ẹ̀kọ́ mi mọ́ ohun tí n kò mọ̀ jù lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ lé e, ìyá mi béèrè pé, "Ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?" n kò sì ní ohun tí mo lè mú wá. Ní Sátidé kẹta, ẹ̀rù bà mí. Ojú ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ni iṣẹ́ ìṣirò tí tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún wa. Ogún ìbéèrè ni. Mẹ́rin péré ni mo gbà. Tíṣà ti fi bírò pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí ìdáhùn mẹ́rìndínlógún, ó sì kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ìwé náà pupa bí ilẹ̀ Kùmásí.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì gbé ara lé nìyẹn. Mo na ìwé náà sí i, mo ní, "Màámi, bí iṣẹ́ ọmọ bá wu tíṣà ni ó máa ń kọ nǹkan púpọ̀ sí i. Ẹ wo bí ó ṣe pọ̀ tó."

Ó gbà á. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ojú mi náà. Lẹ́yìn náà, ó mú ìṣó mẹ́rin láàárín eyín rẹ̀, ó sì kàn án mọ́ àyè tó ṣófo náà, ó tọ́ ọ títí tí igun rẹ̀ fi dọ́gba. Ó gbá mi lẹ́yìn. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Ní ọjọ́ náà nìkan ni kò kọ́kọ́ sọ pé, "Ó dára." N kò fura.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí ìyà oríṣiríṣi láyé, ṣùgbọ́n oríyìn tí kò tọ́ síni wà lára èyí tó le jù. Láti ọjọ́ yẹn, lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé ọjà, obìnrin onítòmátì á pàtẹ́wọ́: "Ayekoo! Ayekoo, me ba!" Ọ̀rọ̀ Twi ni, ó ń kí ọmọ rẹ̀ kú iṣẹ́. Alàájì pè mí, ó mú ọsàn kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò, má sinmi o." Ẹ̀gbọ́n mi tó lè kà á ń bẹ ní Òbúàsì ní ọ̀sẹ̀ náà fún ìdíje eré. Àbúrò mi kò tíì mọ ohun tí àmì yẹn jẹ́. Ọsàn náà dùn, mo sì jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ìtìjú.

Ó di ọjọ́ Ẹtì, bàbá mi ti Suame bọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti gbọ́ pé a gbé ìwé ìṣirò mi kọ́ sí Asafo, inú rẹ̀ sì dùn. Yóò wá wò ó fúnra rẹ̀ ní ọ̀la. Bàbá Suame kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà kà dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, èmi àti ìyá mi ń nu àwo tuntun tó dé láti Race Course. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: a ó fi èékánná lu ẹnu bàsíà, a ó sì tẹ́tí. Èyí tó bá dún gbọnrangandan, ó pé. Èyí tó bá dún bí igbá tó là, tàbí tí tánganran ẹnu rẹ̀ ti bó, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sí i nídìí, wọn a sì tà á ní ẹ̀dínwó. Àwọn aláwo mìíràn máa ń fi kẹrosíìnì nu àmì náà kúrò, wọn a tò ó mọ́ àárín àwọn tó dára. Ìyá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ẹní kan tó máa ń tẹ́ síwájú ìsọ̀ pátápátá, orí rẹ̀ ni ó ń to gbogbo èyí tó ní àmì pupa sí, pẹ̀lú ìdí wọn lókè. Yóò sì máa kígbe pé, "Ẹ wá wo àbùkù rẹ̀ kí ẹ tó wo ẹwà rẹ̀!"

Mo mú bàsíà kan tó ní àmì pupa lọ́wọ́, omijé sì dà sínú rẹ̀.

Mo ní, "Màámi, mo purọ́ fún yín. Ìwé yẹn kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ já a kí Bàbá Suame tó dé."

Ìyá mi kò dáwọ́ àwo nínù dúró. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọmọ mi, ọdún wo ni mo ti ń ra àwo? Aláwo wo ni kò mọ ohun tí àmì pupa jẹ́?" Ó gba bàsíà ọwọ́ mi, ó yí i dé, ó fi ìdí rẹ̀ hàn mí. "Mẹ́rìndínlógún ni mo kà lára tìrẹ. Àbí mo ṣì í kà?"

Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ kí gbogbo ọjà máa kí mi.

Ó ní, "Ẹrù tí o fọwọ́ ara rẹ dì ni. Mo fẹ́ mọ ibi tí wàá gbé e dé kí o tó sọ̀ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò gbọ́ kí ìyá mi parọ́ kan fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá béèrè, ohun tó ń sọ kò ju pé, "Ọmọ mi ló ṣe é." Àwọn ni wọ́n fi ìyókù kún un. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó rántí èyí, tí mo sì rí i pé èmi nìkan ni mo purọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ dáadáa, ó ti rán mi jáde. "Àwọn tí o gba oríyìn lọ́wọ́ wọn, lọ dá a padà fún wọn." Mo lọ bá obìnrin onítòmátì. Ó tẹjú mọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ta tòmátì, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́." Alàájì ní tirẹ̀ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Mo sọ fún un pé mo ti jẹ ọsàn náà.

"Ọsàn ti lọ nìyẹn," ni ó wí. "Lọ́jọ́ tí o bá yẹ fún un, wá mú òmíràn. Títí dìgbà náà, má yà sí ọ̀dọ̀ mi."

Nígbà tí Bàbá Suame dé, ìwé náà ṣì wà lára pátákó. Ó wọ agbádá funfun, ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ nọ́ńbà tó wà lókè.

"Mẹ́rin nínú ogún! Ìyàwó wa, èyí ni o gbé síta fún gbogbo Kùmásí wò?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí ẹní àwo, láàárín àwọn bàsíà tó bó lẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Bí mo bá fi pamọ́, báwo ni ẹ ó ṣe mọ ibi tó dé?"

"Ojú kò tì ọ́?"

"Ojú ń tì mí, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún wa ní òpin táàmù. Kò tíì pé."

Bàbá Suame mi orí. "Ẹnu rẹ mú ju ọjà rẹ lọ."

Obìnrin onítòmátì tó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu ìyá mi kígbe láti ẹ̀gbẹ́, "Bàbá, ẹ ra bàsíà, àbí ẹ kúrò lójú ọ̀nà!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Bàbá Suame náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ mi gan-an bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ìyá mi á ní kí n ka ìbéèrè kan sí òun létí ní Yorùbá. Ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọrin ìsọdipúpọ̀, a ń kọ ọ́ láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá mi kò mọ orin náà. Àwo ni ó ń tò. Mo rántí ọjọ́ tí mo bi í pé méjìlá lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ mélòó.

"Dọ́sìnì mẹ́sàn-án? Má kà á. Sáré dé dọ́sìnì mẹ́wàá ná. Mélòó ni?"

"Ọgọ́fà."

"Dọ́sìnì kan kò sí níbẹ̀. Gbé e kúrò."

Mo gbé àwo méjìlá kúrò nínú ìtò náà. "Méjìdínláàádọ́fà."

"Ṣé o rí i? Bí a ṣe ń kà nílé wa nìyẹn. A máa ń kọjá síwájú díẹ̀, ká tó wẹ̀yìn wo ohun tó dín."

Ẹnu yà mí. Obìnrin tí mo rò pé mo ti tàn jẹ tán, ó ti ń ṣe ìṣirò yìí lórí láti ọdún tí n kò tíì dáyé, láìfọwọ́ kan ìwé. Mo ti di olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì, mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, n kò sì tíì rí ẹni tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ó ń kan ìwé tuntun lé ẹ̀gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń fi ìka ka àmì pupa sókè kí gbogbo ojúlé ìsọ̀ lè gbọ́. Mẹ́rìndínlógún ti di mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì sunkún. Ó kàn án bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án. Àwọn awakọ̀ ti wá ń béèrè bí ẹni ń béèrè ayò bọ́ọ̀lù: "Ìyá, mélòó lónìí?" Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Òbúàsì dé ń bínú pé kò sẹ́ni tó wo rìbọ́n tuntun òun mọ́. Àbúrò mi ní tirẹ̀ máa ń fi ṣíbí lu bàsíà fún àmì kọ̀ọ̀kan, títí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Òpin táàmù dé, Bàbá Suame sì dé. Kò kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ síwájú pátákó. Ìwé mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ ní ìlà kan, láti orí èyí tó pupa bí ilẹ̀ dé orí èyí tó gbẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ti àkọ́kọ́, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta ni àmì pupa tó wà níbẹ̀.

Ó yíjú sí mi. "Bàsíà mẹ́jọ lọ́nà méje?"

N kò wo òkè. Mo wo àwo. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ẹní, ó mú bàsíà kan tí ẹnu rẹ̀ bó, ó yí i dé, ó wo àmì pupa ìdí rẹ̀. "Ìyàwó wa, èyí ni mo fẹ́ rà."

"Bàbá, èyí tó dára wà lẹ́yìn."

"Mo ti rí àbùkù rẹ̀," ni ó wí. "Kí ọmọ náà máa lọ sí ilé ìwé rẹ̀."

Ìyá mi dọ̀bálẹ̀, ká má purọ́, obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ mú kí ó kúnlẹ̀ kọjá ààlà. Bí ó ti dìde, ó gbá mi lẹ́yìn, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ó dára," ni ó wí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Mo sáré lọ sí ọ̀dọ̀ Alàájì lọ mú ọsàn mi.

Ayé ti yí padà. Kò sí ẹni tó nílò ìdérí àpótí mọ́. Ìyá tó wà ní Kùmásí lè fi eré ọmọ rẹ̀ han ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọmọ náà tó mí tán. Inú mi dùn sí i, ẹ má rò pé mò ń bá fóònù jà. Ohun tí mo ń rí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn kò ju ọ̀kan lọ: gbogbo ọmọ inú fóònù ló ń gba ipò kìíní. N kò rí èyí tó ṣubú níbi tí ojú eré ti yí. Wọ́n ti fi kẹrosíìnì nu gbogbo ìdí àwo.

Mo sọ èyí fún ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́, ẹni tó máa ń fi àwòrán ọmọbìnrin rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, bí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ àti bí ó ti ń ta gìtá. Mo ní, "Ó dára púpọ̀. Èyí tó ní àmì pupa dà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ padà. N kò tún un sọ.

Ní Sátidé tó kọjá, fóònù mi dún láàárọ̀. Ojú ìwé ìṣirò kan ni. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló mú un dání, ó ń wo ibòmíràn, ojú ń tì í. Mo wọ awò mi. Mo fi ìka ka àmì pupa náà sókè nínú pálọ̀ mi, ní iwájú pátákó ìyá mi tó wà lára ògiri títí di òní, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo tí mo fi sílẹ̀ lára rẹ̀, èyí àkọ́kọ́. Mẹ́sàn-án ni.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ padà pé, "Ó dára. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"